Ìtàn Ká-Ní àti Bàálù Ogun Orí Ìwé

Nínú èdè Yorùbá, ọ̀rọ̀ kékeré kan wà tí ó máa ń ṣí ìlẹ̀kùn ohun tí kò ṣẹlẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà ni 'ká ní'. Àgbẹ̀ a máa wí pé ká ní òjò tètè rọ̀, àgbàdo òun ì bá ti gbó. Oníṣòwò obì a máa wí ní Ṣágámù pé ká ní òun mú sùúrù di ọjọ́ ọjà kejì, èrè òun ì bá pọ̀ ju báyìí lọ. Àwọn àgbà kì í fi bẹ́ẹ̀ ka irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ sí, nítorí wọ́n gbà pé àbámọ̀ ní í gbẹ̀yìn ọ̀ràn. Ṣùgbọ́n lọ́dọ̀ onímọ̀ ìtàn, 'ká ní' kì í ṣe ọ̀rọ̀ àbámọ̀ nìkan. Ìbéèrè ni, ó sì ń wádìí ìdí tí ọ̀ràn fi rí bí ó ti rí. Ẹni tí kò bá lè sọ ohun tí ì bá ṣẹlẹ̀ bí ìdí kan kò bá sí, kò tíì lè fi ọwọ́ sọ̀yà pé ìdí náà ni ó fa ọ̀ràn.

Ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti àwọn ilẹ̀ mìíràn, àwọn tí ó fẹ́ràn ìtàn ogun a máa ṣe ìdíje kan tí ó dúró lórí 'ká ní' yìí. Wọn a dá ogun kan tí kò jà rí sílẹ̀, wọn a sọ ọdún tí ó jà, wọn a sì sọ irú ẹ́ńjìnnì tí ó wà ní ayé ní ọdún náà. Lẹ́yìn èyí, olúkúlùkù a ya àwòrán bàálù ajagun tí ẹnikẹ́ni kò kàn rí. Wọn a fi ìṣirò wò bí yóò ti sáré tó, bí yóò ti tètè gòkè tó àti iye epo tí yóò mu, wọn a sì fi àwọn bàálù náà jà lójú kọ̀ǹpútà. Ẹni tí ó bá wò ó láti òkèèrè lè pè é ní eré ọmọdé. Ṣùgbọ́n bí a bá de irú eré bẹ́ẹ̀ mọ́ ìṣirò, tí a sì dè é mọ́ ohun tí ó wà ní ọwọ́ àwọn ènìyàn ní ìgbà tí a ń sọ, ẹ̀kọ́ ìtàn tí ó jinlẹ̀ ni. Bí a kò bá dè é, àlọ́ ni.

Ìlú Ìkẹ́nnẹ́ ní ilẹ̀ Rẹ́mọ ní ìdí tí ó fi yẹ kí a fi orúkọ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ yìí. Níbẹ̀ ni a bí Tai Solarin sí ní 1922. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, ó wọ ẹgbẹ́ ọmọ ogun òfurufú ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, iṣẹ́ atọ́nà bàálù ni ó sì kọ́ níbẹ̀. Òun nìkan kọ́ ni ọmọ Nàìjíríà tí ó wọ ẹgbẹ́ náà. Peter Adeniyi Thomas, ọmọ Èkó, di awakọ̀ bàálù nínú rẹ̀ ní 1942, ó sì kú nínú ìjàm̀bá bàálù ní oṣù Kìn-ín-ní 1945.

Atọ́nà kì í wa bàálù. Máàpù, pẹ́ńsù, rúlà àti aago ni irinṣẹ́ rẹ̀. Nínú òkùnkùn, níbi tí kò ti rí ilẹ̀, ohun tí ó ń bi ara rẹ̀ ni pé: ká ní ibi báyìí ni afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́, ká ní báyìí ni agbára rẹ̀ tó, níbo ni a ó wà ní wákàtí méjì sí i? Bí afẹ́fẹ́ bá ń ti bàálù ní ẹ̀gbẹ́ ní 40 kìlómítà ní wákàtí kan, tí atọ́nà kò sì kà á sí, bàálù yóò ti fi 80 kìlómítà yà kúrò lójú ọ̀nà lẹ́yìn wákàtí méjì. Ó lè já sínú òkun, ó lè já sórí ibọn ọ̀tá. Nínú bàálù ńlá tí ń ju bọ́ǹbù, ẹ̀mí ènìyàn méje ni ó máa ń wà lórí ìṣirò ẹni kan ṣoṣo. 'Ká ní' ti atọ́nà yàtọ̀ sí ti oníṣòwò obì: nọ́ńbà wà nínú rẹ̀, ẹni tí ó sì ṣì í yóò san owó rẹ̀.

Ìtàn ilẹ̀ Yorùbá fúnra rẹ̀ ti pèsè irú ìbéèrè yìí kí bàálù tó dé. Ogun Kírìjì bẹ̀rẹ̀ ní 1877, a sì tú àgọ́ rẹ̀ ká ní 1893. Ìró ìbọn ni ó fún un ní orúkọ. Àwọn Èkìtìparapọ̀ rí ìbọn ìgbàlódé tí a ń ti ìdí ki gbà nípasẹ̀ àwọn ènìyàn wọn tí ó wà ní Èkó, ìbọn wọ̀nyí sì kó ìdààmú bá Ìbàdàn púpọ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ lè béèrè pé, ká ní Ìbàdàn ni ó kọ́kọ́ rí wọn ńkọ́? Ìdáhùn tí ó ní láárí kò ní bẹ̀rẹ̀ láti orí ìgboyà àwọn ológun, nítorí kò sí ẹni tí ó ṣe ojo nínú ìhà méjèèjì. Orí ọ̀nà ni yóò ti bẹ̀rẹ̀. Ọ̀nà Oǹdó ṣí sílẹ̀ fún Èkìtìparapọ̀. Ọ̀nà tí ó yá Ìbàdàn jù sí Èkó wà ní ọwọ́ Ẹ̀gbá àti Ìjẹ̀bú, ilẹ̀ Rẹ́mọ sì wà lójú ọ̀nà náà gan-an. Àwọn alágbẹ̀dẹ ilẹ̀ wa mọ bí a ti ń tún ìbọn ṣe, ṣùgbọ́n wọn kò rọ irú ìyẹn. Nítorí náà, ẹni tí ó ní ọ̀nà ni ó ní ìbọn.

Bí a bá gbé ìbéèrè náà lọ sí ojú òfurufú, ọdún 1940 ni ó yẹ jù lọ fún ilẹ̀ Yorùbá. Ní oṣù Kẹfà ọdún náà, Jámánì ṣẹ́gun Faransé. Ìjọba Faransé tuntun tí ó jókòó sí Vichy bá Jámánì ṣe àdéhùn, àwọn aláṣẹ ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà tí ó wà ní Dakar sì tẹ̀ lé e. Dàhòmì, tí ó ń jẹ́ Bẹ̀nẹ̀ lónìí, wà lábẹ́ Dakar. Báyìí ni ààlà tí ó ya Kétu àti Àjàṣẹ́ kúrò lára Ìlaròó àti Àgbádárìgì ṣe di ààlà láàrin ìjọba méjì tí ọ̀rọ̀ wọn kò dọ́gba mọ́.

Ní ọjọ́ 20 oṣù Kẹsàn-án 1940, bàálù ajagun Hurricane 6 gbéra ní Takoradi ní Gold Coast, tí ó di Gánà lẹ́yìn náà. Bàálù Blenheim kan ni ó ń ṣáájú wọn. Inú àpótí ni a kó wọn sí nínú ọkọ̀ ojú omi, Takoradi ni a sì ti tò wọ́n pọ̀. Wọ́n gba Èkó, Kano àti Maiduguri kọjá lọ sí Íjíbítì, níbi tí ogun ti gbóná. Kí ogun tó parí, ẹgbẹẹgbẹ̀rún bàálù ni ó ti tọ ọ̀nà náà. Ẹni tí ó bá wo máàpù yóò rí i pé etíkun Tógò àti Dàhòmì ni ó wà láàrin Takoradi àti Èkó. Ní ọjọ́ 23 oṣù Kẹsàn-án kan náà, ọkọ̀ ogun ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kọlu Dakar, ìjà náà gba ọjọ́ mẹ́ta, wọn kò sì rí ìlú náà gbà. Àwọn Faransé tí ó wà níbẹ̀ ní bàálù ajagun Curtiss tí a kàn ní Amẹ́ríkà. Láti gbẹ̀san, bàálù Faransé lọ ju bọ́ǹbù sí Gibraltar.

Ogun náà kò ti Dàhòmì dé Èkó. Lẹ́yìn tí Amẹ́ríkà àti Gẹ̀ẹ́sì gúnlẹ̀ sí àríwá Áfíríkà ní oṣù Kọkànlá 1942, Dakar yí padà sí ìhà tiwọn. Ṣùgbọ́n fún ọdún méjì, kì í ṣe ọ̀rọ̀ àlá pé ó lè dé. Nítorí náà, a lè fi ṣe ìdíje: ká ní bàálù tí ń ju bọ́ǹbù gbéra ní Àjàṣẹ́ láti wá fọ́ èbúté Èkó, irú bàálù ajagun wo ni à bá kàn ní ilẹ̀ wa láti dá a dúró?

Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ yóò sáré mú pẹ́ńsù, wọn yóò ya bàálù tí imú rẹ̀ mú, tí ìbọn kún apá rẹ̀, tí ó sì ń sáré ju gbogbo bàálù ayé lọ. Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ ṣe iṣẹ́ atọ́nà. Láti Àjàṣẹ́ sí Èkó lójú òfurufú jẹ́ nǹkan bí 85 kìlómítà. Bàálù tí ó ń sá 300 kìlómítà ní wákàtí kan yóò rìn ín ní ìṣẹ́jú 17. Ní ayé àtijọ́, ìlú a máa yan alóre sí ìta láti máa wo ọ̀nà tí ogun lè gbà wọlé. Bí alóre bá wà ní Àgbádárìgì, tí ó rí bàálù náà bí ó ti ń kọjá, tí ó sì fi tẹlifóònù ké sí Èkó ní ojú ẹsẹ̀, nǹkan bí ìṣẹ́jú 11 péré ni ó kù. Kí awakọ̀ tó sáré dé ìdí bàálù rẹ̀, kí ẹ́ńjìnnì tó gbóná, ìṣẹ́jú mẹ́ta ti lọ nínú rẹ̀. Hurricane fúnra rẹ̀ nílò bí ìṣẹ́jú mẹ́jọ tàbí mẹ́sàn-án kí ó tó dé òkè 6,000 mítà.

Ìṣirò yìí ti lé ọ̀pọ̀ àwòrán kúrò nínú ìdíje. Bàálù tí ó lè rìn jìnnà kò wúlò níbí, nítorí ọ̀tá kò jìnnà. Èyí tí ó tètè ń gòkè ni a ń wá. Bí ẹnìkan bá sì ní kí a fi ibùdó rẹ̀ sí Ìkẹ́nnẹ́ kí ó lè fara pa mọ́ sínú igbó Rẹ́mọ, ìṣirò yóò tún dá a lóhùn. Láti Ìkẹ́nnẹ́ sí Èkó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 60 kìlómítà lójú òfurufú. Bàálù tí ó ń gòkè kì í sáré tó èyí tí ó ń lọ gbọọrọ. Bí ó bá ń rìn ní 280 kìlómítà ní wákàtí kan, yóò lò ju ìṣẹ́jú 12 lọ lójú ọ̀nà. Bọ́ǹbù yóò ti bọ́ kí ó tó dé. Àwòrán kankan kò lè tún èyí ṣe. Alóre kejì ní ìhà ààlà, pẹ̀lú wáyà tẹlifóònù tí kì í já, yóò ṣe é. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ó rí ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nínú ẹ̀ẹ̀rùn 1940: bàálù wọn dára, ṣùgbọ́n rédà, àwọn aṣọ́nà àti wáyà tẹlifóònù ni ó jẹ́ kí bàálù náà wà níbi tí ó yẹ ní àkókò tí ó yẹ.

Ọ̀rọ̀ wá kan ohun tí a ó fi kàn án. A lè wí pé igi kún igbó Rẹ́mọ: ìrókò ń bẹ, ọgànwó ń bẹ, arère sì fúyẹ́ ní ọwọ́. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀rín. Bàálù Mosquito ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí ó kọ́kọ́ fò ní oṣù Kọkànlá 1940, pákó ni ara rẹ̀, àwọn tí ń kan àga àti tábìlì sì wà lára àwọn tí ó kàn án. Ṣùgbọ́n nígbà tí a gbé irú bàálù yìí lọ sí Íńdíà àti Bọ́mà, nínú ooru àti ọ̀rinrin, ojú oríkèé pákó rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí lára àwọn mìíràn ní 1944, a sì ní láti yẹ iṣẹ́ ìlẹ̀mọ́ àti àtè tí a lò wò fínnífínní. Ẹni tí ó bá ti rí ohun tí òjò oṣù Kẹfà ń ṣe sí ilẹ̀kùn pákó ní Ìkẹ́nnẹ́ mọ ohun tí à ń wí. Kí a tó kàn bàálù onípákó ní ilẹ̀ wa, a ní láti mọ àtè tí kò ní tú, a sì ní láti mọ ohun tí a ó fi lé ikán.

Àtè le, ṣùgbọ́n ẹ́ńjìnnì le jù ú lọ. Ní 1940, ilé-iṣẹ́ rélùwéè tí ó wà ní Ẹ̀búté Mẹ́ta ní àwọn ọmọ Nàìjíríà tí ọwọ́ wọn mọ́ irin, tí wọ́n ń tún ọkọ̀ ojú irin ṣe. Ilé-ẹ̀kọ́ gíga ti Yábàá ti ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ ní iṣẹ́ ẹ̀rọ díẹ̀díẹ̀. Síbẹ̀, kò sí ibì kan ní Nàìjíríà tí a ti ń dà irin ẹ́ńjìnnì bàálù. Ìjọba amúnisìn fẹ́ kòkó, ẹ̀pà, epo pupa àti gẹdú láti ilẹ̀ yìí. Kò fẹ́ ẹ́ńjìnnì láti inú rẹ̀. Nítorí náà, bàálù ká-ní tí kò bá fẹ́ parọ́ gbọ́dọ̀ yọ ẹ́ńjìnnì rẹ̀ láti inú àpótí tí ó ti òkè òkun wá.

Àpẹẹrẹ gidi wà fún irú ọgbọ́n bẹ́ẹ̀. Ní 1940 kan náà, àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń bẹ̀rù pé bàálù ajagun lè tán lọ́wọ́ wọn. Ilé-iṣẹ́ Miles ya bàálù kan tí a pè ní M.20, onípákó, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kì í ká sókè, tí a sì gbé ẹ́ńjìnnì Merlin sí ní odidi bí a ti ń tò ó fún bàálù mìíràn. Láti ìbẹ̀rẹ̀ àwòrán títí dé ọjọ́ tí ó kọ́kọ́ fò, ọjọ́ 65 ni. Méjì péré ni a kàn, nítorí bàálù kò tán lọ́wọ́ wọn. M.20 ni a lè pè ní bàálù ká-ní tí ó fò. Ní Ọsirélíà, ẹ̀rù ba wọn ní ìparí 1941 nígbà tí Jàpáánì wọ ogun. Wọ́n mú bàálù ìkọ́ni Wirraway tí wọ́n ti ń kàn tẹ́lẹ̀, wọ́n fi ẹ́ńjìnnì tí ilé-iṣẹ́ wọn ti ń ṣe sí i, wọ́n sì sọ ọ́ di bàálù ajagun Boomerang. Ó fò ní oṣù Karùn-ún 1942, wọ́n sì kàn 250. A kò gbọ́ pé ó já bàálù ọ̀tá kan ṣoṣo lulẹ̀, ṣùgbọ́n ó ṣe iṣẹ́ ribiribi fún àwọn ọmọ ogun orí ilẹ̀ ní New Guinea. Ohun tí ó yẹ kí olùkọ́ tọ́ka sí ni èyí: oṣù márùn-ún tàbí mẹ́fà tí Boomerang gbà kì í ṣe oṣù márùn-ún lásán. Àwọn ọdún tí Ọsirélíà ti fi kọ́ bí a ti ń kàn Wirraway wà lábẹ́ rẹ̀.

Ogun tiwa náà dé, kì í sì í ṣe ti orí ìwé. Nígbà tí ogun abẹ́lé bẹ̀rẹ̀ ní 1967, Nàìjíríà kò ní bàálù ajagun. Ní oṣù Kẹjọ ọdún náà ni MiG-17 ti Rọ́ṣíà àti L-29 ti Czechoslovakia dé sí Kano. Ọmọ Ìkẹ́nnẹ́ mìíràn, Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, ni ó jẹ́ kọmíṣánnà fún ètò ìnáwó ìjọba àpapọ̀ nígbà náà. Biafra ní tirẹ̀ kò rí irú bàálù bẹ́ẹ̀ rà. Ní 1969, Carl Gustaf von Rosen, ọmọ Sweden, bá wọn kó bàálù kéékèèké MFI-9B márùn-ún wá. Agbára ẹ́ńjìnnì rẹ̀ jẹ́ 100 ẹṣin, fún ìgbafẹ́ àti ìkọ́ni ni a sì ṣe ń lò ó. A so rọ́kẹ́ẹ̀tì mọ́ abẹ́ apá wọn. Ní ọjọ́ 22 oṣù Karùn-ún 1969, wọ́n fò lọ́wọ́ ilẹ̀, wọ́n sì kọlu pápákọ̀ òfurufú Port Harcourt. Ká ní ẹnìkan ya bàálù náà fún ìdíje ṣáájú ogun, àwọn adájọ́ ì bá ti rẹ́rìn-ín sí i. Síbẹ̀ kò yí òpin ogun padà. Ìhà méjèèjì ni ó ra irinṣẹ́ rẹ̀ láti òkèèrè. Ìyàtọ̀ wà nínú ẹni tí ó rí olùtajà àti ẹni tí kò rí i. Ọ̀rọ̀ ọ̀nà Oǹdó ni ó tún padà wá.

Lẹ́yìn ogun, ẹgbẹ́ ọmọ ogun òfurufú Nàìjíríà gbìyànjú láti kàn bàálù ní Kàdúná. Ní ìparí àwọn ọdún 1980, a ṣe Air Beetle, bàálù ìkọ́ni kékeré tí a gbé ka orí àwòrán RV-6A ti Amẹ́ríkà. Láti Amẹ́ríkà ni ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ti wá. Kò yẹ kí a fojú di iṣẹ́ náà, nítorí Wirraway náà, láti ara àwòrán Amẹ́ríkà ni ó ti jáde. Ohun tí ó yẹ kí a béèrè ni ohun tí ó yẹ kí ó tẹ̀ lé e tí kò tẹ̀ lé e: àwọn òṣìṣẹ́ tí a ń kọ́ láìdáwọ́dúró, àti ẹ̀rọ tí ń ṣe ẹ̀rọ.

Olùkọ́ tí ó bá fẹ́ lo ìdíje yìí nínú kíláàsì lè fi òfin mẹ́rin de àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀. Èkíní, kí ẹnikẹ́ni má ṣe lo ohun tí kò tíì sí ní ọdún tí a dá. Èkejì, kí ó sọ ẹni tí ó ṣe ẹ́ńjìnnì àti ọ̀nà tí ó gbà dé. Ẹ̀kẹta, kí ó ka àwọn òṣìṣẹ́: ta ni yóò lẹ pákó, ta ni yóò tún un ṣe bí ó bá bàjẹ́, ta ni yóò ru epo? Ẹ̀kẹrin ni ó le jù, òun ni eré kọ̀ǹpútà kì í sì í béèrè: kí ó fi ìka tọ́ka sórí máàpù, kí ó sọ orúkọ ìlú tí yóò wà lábẹ́ ìjà náà. Bàálù orí ìwé kì í pa ènìyàn, ṣùgbọ́n àwọn tí ó gbé ní Port Harcourt àti ní àwọn ọjà Biafra mọ ohun tí bàálù gidi ń ṣe.

Tai Solarin kò padà wá sílé láti wá ya bàálù. Ní ọjọ́ 27 oṣù Kìn-ín-ní 1956, ó dá ilé-ẹ̀kọ́ Mayflower sílẹ̀ ní Ìkẹ́nnẹ́ pẹ̀lú Sheila, aya rẹ̀. Níbẹ̀, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń kọ́ sáyẹ́ǹsì àti ìṣirò, wọ́n sì ń ro oko, wọ́n ń bu yẹ̀pẹ̀, wọ́n ń fi ọwọ́ ara wọn kọ́lé. Àwọn kan rẹ́rìn-ín pé ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ gíga ń gbé bíríkì. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ti jókòó ti máàpù nínú òkùnkùn mọ̀ pé ìmọ̀ tí kò dé ọwọ́ kì í gbé ènìyàn délé. Lónìí, pápákọ̀ òfurufú wà láàrin Ìpẹru àti Ìlíṣàn, kò jìnnà sí ọgbà ilé-ẹ̀kọ́ náà. Bàálù tí ó ń bà síbẹ̀, òkè òkun ni a ti kàn wọ́n. Ọmọ tí ó dúró ní Ìkẹ́nnẹ́ tí ó ń wò wọ́n lókè lè mú pẹ́ńsù, kí ó ya tirẹ̀. Kí olùkọ́ rẹ̀ má ṣe gba ìwé náà lọ́wọ́ rẹ̀. Kí ó bi í léèrè ibi tí ẹ́ńjìnnì yóò ti wá.